Ohun Tí Orúnkún Ẹran Sọ: Ìtàn Ìdánwò Tìmùtìmù Orúnkún Àtọwọ́dá àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ fún Àwọn Olùkọ́

Ìfáàrà

Ní odò ẹran Trans-Amadi ní ìlú Port Harcourt, ibi tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Slaughter, ojoojúmọ́ ni àwọn alápatà ń gé ẹsẹ̀ màlúù àti ti ewúrẹ́ ní oríkèé. Bí ọ̀bẹ bá ti la orúnkún, ohun funfun kan máa ń hàn láàárín egungun méjèèjì. Ó ń dán, ó rọ̀ díẹ̀, ó sì tẹ̀ bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra ẹran kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Síbẹ̀, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ti ń bi ara wọn léèrè nípa nǹkan kékeré yìí. Kí ni iṣẹ́ rẹ̀? Kí ló ń ṣẹlẹ̀ bí a bá yọ ọ́ kúrò? Ṣé ọwọ́ ènìyàn lè ṣe irú rẹ̀? Ara ẹran ni wọ́n ti wá ìdáhùn sí púpọ̀ nínú àwọn ìbéèrè wọ̀nyí, kí wọ́n tó dé ara ènìyàn.

Nínú iṣẹ́ yìí, a tọ ipa ìtàn náà láti ìlú Edinburgh ní 1883 títí dé àkókò wa, a sì mú un wá sílé sí Yaba àti Kano. Kókó tí a fẹ́ fi yé ni pé ìdánwò lára ẹran dà bí ìbéèrè tí a bi ẹlẹ́rìí. Ìrora ni ẹran fi ń dáhùn. Nítorí náà, ẹni tó bi í léèrè kò ní àwáwí bí ó bá kọ etí ikún sí èsì rẹ̀, tàbí bí ó bá fi èsì náà pamọ́ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ìtàn tí a fẹ́ sọ yìí yóò fi hàn pé ẹran ti sọ òótọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, tí ó jẹ́ pé ènìyàn ni kò gbọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ó sì kan olùkọ́ èdè pẹ̀lú.

Kí ni tìmùtìmù orúnkún?

A kò rí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tí gbogbo ènìyàn jọ ń lò fún ohun tí àwọn oníṣègùn ń pè ní meniscus. Nínú iṣẹ́ yìí a pè é ní tìmùtìmù orúnkún, nítorí iṣẹ́ tìmùtìmù ló ń ṣe: abẹ́ ẹrù ló wà. Méjì ló wà nínú orúnkún kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ní ìhà inú, ọ̀kan ní ìhà òde. Egungun itan jókòó lé wọn lórí, egungun ojúgun sì gbé wọn dúró. Ìsàlẹ̀ egungun itan rí roboto, òkè egungun ojúgun sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí kò bá sí nǹkan kan láàárín wọn, ojú kan ṣoṣo ni wọn ì bá ti máa kan ara wọn, gbogbo ìwúwo ara ì bá sì dojú kọ ibẹ̀. Tìmùtìmù náà nípọn létí òde, ó sì fẹ́lẹ́ níhà inú. Báyìí ló ṣe ń dí àlàfo náà, tó sì ń pín ẹrù ká kí ó má baà wúwo sójú kan.

Ẹ̀jẹ̀ kì í dé gbogbo ara rẹ̀. Nínú orúnkún àgbàlagbà, apá etí òde nìkan ni ẹ̀jẹ̀ ń dé. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá dé, ọgbẹ́ lè jinná níbẹ̀. Ibi tí kò bá dé, bí ó bá ti ya, ó ṣòro kí ó tó lẹ̀ padà. Agbábọ́ọ̀lù tó yí orúnkún rẹ̀ nígbà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì dúró gbọn-in lórí ilẹ̀ lè ya á lójú ẹsẹ̀. Lára àgbàlagbà, ó lè máa gbó, kí ó sì ya díẹ̀díẹ̀ láìsí ìjàǹbá kankan. Nígbà mìíràn, èyí tó ya náà a há sáàárín oríkèé, orúnkún kò sì ní í nà mọ́.

Nígbà tí wọ́n kà á sí ohun tí kò wúlò

Ní 1883, ní ìlú Edinburgh, Thomas Annandale la orúnkún aláìsàn kan, ó sì rán tìmùtìmù tó ti kúrò ní àyè rẹ̀ padà sí ibi tó yẹ kó wà. Ọdún 1885 ni ó tẹ ìròyìn iṣẹ́ náà jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ kò gbilẹ̀. Ní ìparí ọ̀rúndún náà, John Bland-Sutton, oníṣẹ́ abẹ olókìkí ní London, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ìyókù iṣan ẹsẹ̀ tí kò níṣẹ́ mọ́ ni tìmùtìmù yìí. Bí ọ̀gá bá ti sọ pé nǹkan kò wúlò, ọmọ iṣẹ́ a gé e dànù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí orúnkún agbábọ́ọ̀lù tàbí awakùsà bá ti há, odindi tìmùtìmù ni wọ́n ń yọ. Aláìsàn a padà sẹ́nu iṣẹ́, inú oníṣẹ́ abẹ a sì dùn. Ìyà rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn ọdún 10 tàbí 20, nígbà tí oníṣẹ́ abẹ náà kò sí nítòsí mọ́ láti rí i.

Ajá ló kọ́kọ́ tú àṣírí yìí. Ní 1936, Don King, oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí méjì jáde lórí orúnkún ajá. Èkíní fi hàn pé bí yíya náà bá dé etí òde tí ẹ̀jẹ̀ ń dé, ó lè jinná. Bí inú nìkan ló bá ya, kì í jinná. Èkejì fi hàn pé bí a bá yọ tìmùtìmù kúrò, egungun rírọ̀ tó bo orí egungun ńlá méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ohun tí kò wúlò kì í fi irú àpá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ bí a bá mú un kúrò.

Ọdún 12 lẹ́yìn náà, ní 1948, T. J. Fairbank ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wo àwòrán X-ray orúnkún àwọn ènìyàn tí wọ́n ti yọ tiwọn. Ó rí i pé ìrísí egungun wọn ti ń yí padà: àlàfo oríkèé ń dín kù, egungun sì ń hù létí. Ohun tí ajá ti sọ ni ènìyàn náà wá sọ. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ṣì ń yọ odindi rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i. Ní 1975, Cox àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún padà sọ́dọ̀ ajá. Wọ́n rí i pé bí a bá ti yọ tó ni oríkèé ń bàjẹ́ tó: ẹni tí a yọ díẹ̀ fún, ìbàjẹ́ díẹ̀, ẹni tí a yọ gbogbo rẹ̀ fún, ìbàjẹ́ púpọ̀. Láti ìgbà náà ni àṣà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà pé kí á rán èyí tó ṣeé rán, kí á sì gé ìwọ̀nba èyí tí kò ṣeé rán.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀ dáadáa. Láti 1936 dé 1975 jẹ́ ọdún 39. Ẹni tí wọ́n yọ tìmùtìmù rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ 20 ọdún láàárín àkókò yẹn lè ti máa fi ọ̀pá rìn kí ó tó pé 50. Àwọn ajá King ti jìyà, ìdáhùn wọn sì ti wà nínú ìwé. Ohun tí kò sí ni ẹni tí yóò kà á kí ó sì yí ọwọ́ padà. Èyí ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nínú ìtàn yìí.

Wíwá arọ́pò

Nígbà tó ti hàn pé tìmùtìmù náà níṣẹ́, ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni kí ni a ó fi rọ́pò rẹ̀ fún ẹni tí tirẹ̀ ti lọ. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni láti gba ti ẹni tó ti kú. Ní 1984, ní ìlú Munich ní Jámánì, Milachowski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú rẹ̀ sí orúnkún ènìyàn; àgùntàn ni wọ́n lò fún ìdánwò tiwọn. Ọ̀nà yìí ṣì wà títí di òní, ṣùgbọ́n ẹni tó kú tí tirẹ̀ sì bá orúnkún aláìsàn mu kò pọ̀.

Ọ̀nà kejì ni àtọwọ́dá, oríṣi méjì ló sì wà. Oríṣi kan dà bí àtẹ́gùn tí bíríkìlà ń tò sára ilé: ara aláìsàn fúnra rẹ̀ ni yóò gùn ún láti kọ́ tìmùtìmù tuntun, àtẹ́gùn náà á sì yọ́ díẹ̀díẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Kevin Stone, William Rodkey, Richard Steadman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fa èròjà jáde láti inú iṣan ẹsẹ̀ màlúù, wọ́n mọ ọ́n bí tìmùtìmù, wọ́n sì fi sí orúnkún ajá. Ọdún 1992 ni ìròyìn ìdánwò náà jáde pé ara ajá ti ń hù wọ inú rẹ̀. Ní ìlú Groningen ní Netherlands, àwọn mìíràn fi ike tó ní ihò wẹ́wẹ́ bíi kànìnkànìn dán irú rẹ̀ wò lára ajá. Ní 2014, ní Yunifásítì Columbia ní New York, ẹgbẹ́ olùwádìí Jeremy Mao fi ẹ̀rọ tẹ ìrísí tìmùtìmù jáde, wọ́n fi èròjà tó ń pe àwọn sẹ́ẹ̀lì ara wá síbẹ̀ sínú rẹ̀, wọ́n sì fi sí orúnkún àgùntàn.

Oríṣi kejì kì í yọ́. Bí ó ṣe wọlé ni yóò ṣe wà níbẹ̀, bí eyín àtọwọ́dá. Ike líle tó ṣeé tẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Èyí tí wọ́n ń pè ní NUsurface gba ara àgùntàn kọjá. Àwọn olùwádìí ní ìlú Nijmegen, ní Netherlands kan náà, lo ewúrẹ́. Lára àwọn ewúrẹ́ kan níbẹ̀, ìhà ẹ̀yìn ohun náà, níbi tí wọ́n ti so ó mọ́ egungun, bàjẹ́. Wọn kò bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síwèé kí gbogbo ayé lè kà á, wọ́n sì tún ọ̀nà ìsopọ̀ náà rò. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí ìdánwò lára ẹran ṣe gan-an nìyí: kí ohun tí yóò já, já níbi tí a ti ń wò ó, kí ó má wá já lára baba ẹnìkan lórí àtẹ̀gùn ilé.

Ẹran wo ló tọ́?

Ẹ ó ti ṣàkíyèsí pé ajá ni ìtàn yìí fi bẹ̀rẹ̀, ó sì wá yí sí àgùntàn àti ewúrẹ́. Kì í ṣe àṣìṣe. Orúnkún ewúrẹ́ àti ti àgùntàn sún mọ́ ti ènìyàn ní ìwọ̀n ju ti ajá lọ, wọ́n sì rọrùn láti rí. Bí ẹran tí a yàn kò bá tọ́, ìdáhùn rẹ̀ lè ṣì wá lọ́nà.

Ilẹ̀ wa mọ ẹ̀kọ́ yìí tipẹ́. Ní 1925, Rockefeller Foundation gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ ní Yaba, ní Èkó, láti wádìí ibà pọ́njúpọ́ntọ̀. Wọ́n dán an wò lára oríṣiríṣi ẹran, kò mú wọn. Ní 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi, tó ń ṣàìsàn ibà náà ní Kpeve ní Gold Coast, èyí tí a mọ̀ sí Gánà lónìí. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ náà gún ọ̀bọ tí wọ́n kó wá láti Éṣíà, ọ̀bọ náà sì kú. Ọ̀bọ ilẹ̀ Áfíríkà ti ń bá àrùn yìí gbé láti ìgbà pípẹ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é ní nǹkan. Ti Éṣíà ni ó ń pa. Nígbà tí wọ́n rí ẹran tó tọ́ ni ọ̀nà là. Asibi yè. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn olùwádìí náà, kó ibà yìí, ó sì kú ní Èkó ní oṣù kẹsàn-án 1927. Láti inú kòkòrò àrùn tó wá láti ara Asibi ni Max Theiler ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára 17D, èyí tí a ṣì ń gbà lónìí, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ rẹ̀ ní 1951.

Ṣùgbọ́n ẹran tó tọ́ pàápàá kò lè sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni ewúrẹ́ fi ń rìn. Ìdàjì ìwúwo rẹ̀ kò sí lórí orúnkún ẹ̀yìn bí ti wa ṣe wà lórí ẹsẹ̀ méjì. A kò lè sọ fún un pé kó fi ọ̀pá rìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Oṣù ni a fi ń wò ó, nígbà tí ènìyàn fẹ́ fi orúnkún rẹ̀ rìn fún ogún ọdún sí i. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ewúrẹ́ kò lè sọ ibi tó ń dùn ún. Àpá tó wà lórí egungun la lè kà. A kò lè ka ìrora. Nítorí náà ni ìdánwò lára ènìyàn ṣe gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ìṣọ́ra àti ìyọ̀ǹda.

Nígbà tí aláṣẹ kò gbọ́

Ìtàn tìmùtìmù tí Stone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe kò parí sí ara ajá. Ilé-iṣẹ́ ReGen Biologics gbé e dé ọjà pẹ̀lú orúkọ Menaflex. Ní 2008, Rodkey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìròyìn ìdánwò lára ènìyàn 311 jáde. Ó ran àwọn tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ lórí orúnkún wọn ṣáájú lọ́wọ́ díẹ̀. Kò sì sàn ju ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá lọ fún àwọn tí tiwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ya. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, àjọ FDA tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà gbà kí wọ́n máa tà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò nínú àjọ náà ti kọminú sí i. Ọ̀nà tó gbà kọjá ni ti ohun tó jọ èyí tó ti wà lọ́jà tẹ́lẹ̀.

Ní 2009, àjọ náà fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé àwọn aṣòfin kan láti New Jersey ti tẹ àwọn lọ́rùn, àti pé ìlànà kò tọ́. Ní 2010, ó sọ pé kò yẹ kí àwọn ti fọwọ́ sí i. Ní 2011, ilé-iṣẹ́ náà wó. Ní 2014, ilé ẹjọ́ kan ní Washington dá a pé ọ̀nà tí àjọ náà gbà fagi lé àṣẹ rẹ̀ kò bófin mu. Nínú gbogbo awuyewuye yìí, ohun tí ajá sọ àti ohun tí ènìyàn 311 sọ kò yí padà. Àwọn tó yẹ kó gbọ́ ni wọ́n ń yí.

Kano, 1996: orúnkún ọmọ ajá àti ọmọ ènìyàn

Ẹnìkan lè sọ pé ti Amẹ́ríkà nìyẹn, kò kàn wá. Ẹ jẹ́ kí á wá sí Kano. Ní 1996, àrùn yírùnyírùn jà ní àríwá Nàìjíríà, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ilé-iṣẹ́ Pfizer gbé oògùn tuntun kan, Trovan, wá sí ilé ìwòsàn àrùn tó ń ràn ní Kano. Ọmọ 200 ni wọ́n kó sínú ìdánwò náà: wọ́n fún 100 ní Trovan, wọ́n fún 100 yòókù ní oògùn mìíràn tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 kú, 5 nínú àwọn tó gba Trovan, 6 nínú àwọn tó gba èkejì. Àwọn mìíràn yè pẹ̀lú àbùkù ara. Àrùn yírùnyírùn fúnra rẹ̀ a máa pa ọmọ, a sì máa sọ ọmọ di adití. Nítorí náà àríyànjiyàn lórí ohun tí oògùn náà fà kò tán.

Ohun tó kan iṣẹ́ wa níbí ni oríkèé. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn olùwádìí ti mọ̀ pé ẹbí oògùn tí Trovan ti wá máa ń ba egungun rírọ̀ oríkèé ọmọ ajá jẹ́, pàápàá àwọn oríkèé tó ń gbé ìwúwo ara, bí orúnkún. Nítorí èyí ni àwọn oníṣègùn kì í fi í yára fún ọmọdé ní irú oògùn bẹ́ẹ̀. Orúnkún ọmọ ajá ti sọ̀rọ̀. Ìbéèrè tó kù ni bóyá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ fún ìyá tó gbé ọmọ rẹ̀ tó ń gbóná wá sí ilé ìwòsàn náà.

Àwọn òbí sọ pé wọn kò mọ̀ pé ìdánwò ni. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn gba ìyọ̀ǹda lẹ́nu àwọn òbí, àti pé àwọn kò ṣe ohun tí kò tọ́. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ sọ nínú ìròyìn rẹ̀ ní 2001 pé ìdánwò náà kò bófin mu. Ní 2009, ilé-iṣẹ́ náà bá ìjọba ìpínlẹ̀ Kano ṣe àdéhùn mílíọ̀nù 75 dọ́là láìgbà pé òun jẹ̀bi. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ní 1999, wọ́n ti dá Trovan dúró ní Yúróòpù, wọ́n sì ti dín lílò rẹ̀ kù gidigidi ní Amẹ́ríkà nítorí ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Òfin ìlera ti orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014 fún ìgbìmọ̀ tí ń mójú tó ìwà ẹ̀tọ́ nínú ìwádìí ìlera ní àṣẹ láti gbé ìlànà kalẹ̀ fún ìwádìí lára ènìyàn àti lára ẹran. A rò pé ó tọ́ bí òfin ṣe fi àwọn méjèèjì sí ojú kan náà, nítorí pé ohun tí a rí lára ọ̀kan jẹ́ gbèsè tí a jẹ èkejì.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí a gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan olùkọ́ èdè. Nínú Yorùbá, bí nọ́ọ̀sì bá sọ fún òbí pé, "Màmá, a fẹ́ ṣe àyẹ̀wò fún ọmọ yín," ohun tí òbí yóò gbọ́ ni pé wọ́n fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ wò. Bí wọ́n bá sọ pé, "A fẹ́ tọ́jú rẹ̀," yóò gbọ́ pé oògùn tó dájú ni wọ́n fẹ́ fún un. Bí wọ́n bá ní, "Ìdánwò ni," ó lè rò pé ti ilé-ìwé ni. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó sọ fún un pé oògùn náà gan-an ni a kò tíì mọ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lára ọmọ. Irú ìṣòro yìí kò yẹ kó ṣòro láti rí nínú Hausa, Igbo, Ikwerre tàbí Kalabari.

Àbá wa ni kí a ya ọ̀rọ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀, kí a sì máa kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ìtọ́jú ni èyí tí a ti mọ èsì rẹ̀. Àyẹ̀wò ni èyí tí a fi ń wá ohun tó ń ṣe aláìsàn. Ìdánwò oògùn, tàbí ìdánwò ohun èlò, ni èyí tí oògùn tàbí ohun èlò fúnra rẹ̀ ti jókòó ṣe ìdánwò, tí ara ènìyàn sì jẹ́ gbọ̀ngán rẹ̀. Gbólóhùn kan sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé èyí tó kẹ́yìn: "Ohun tí a rí lára ẹran nìyí." Òbí tó bá gbọ́ pé oògùn náà ba oríkèé ọmọ ajá jẹ́ lè ṣì gbà, nítorí àrùn tó wà nílẹ̀ le ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n òun ni yóò fi ojú ara rẹ̀ yàn án.

Lílò rẹ̀ ní kíláàsì

Àwọn tí a ń kọ́ fún ìwé-ẹ̀rí NCE nínú ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè ṣì ń fi ọ̀pọ̀lọ́, eku àti ehoro kọ́ṣẹ́. Ní 1959, William Russell àti Rex Burch dá àbá mẹ́ta tí ayé ń tẹ̀ lé títí di òní: fi nǹkan mìíràn rọ́pò ẹran bí ó bá ṣeé ṣe, dín iye ẹran tí a ń lò kù, dín ìrora rẹ̀ kù. Àwa Yorùbá ti sọ irú rẹ̀ pẹ́ pé ẹni tó máa fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò.

Orúnkún jẹ́ ẹ̀kọ́ tí a lè kọ́ láìpa ẹran kankan nítorí rẹ̀. Kí olùkọ́ ra orúnkún ewúrẹ́ kan lọ́wọ́ alápatà. Ẹran tí wọ́n ti pa fún ọbẹ̀ ni. Kí ó là á níwájú akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n rí tìmùtìmù méjèèjì, kí wọ́n fọwọ́ kan etí tó nípọn àti inú tó fẹ́lẹ́, kí wọ́n sì fọ ọwọ́ wọn dáadáa lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi yíǹkì pa ọsàn kan, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà: àmì kékeré kan ni yóò fi sílẹ̀. Kí wọ́n wá gé fóòmù bí òrùka, kí ó nípọn létí kí ó sì fẹ́lẹ́ nínú, kí wọ́n gbé ọsàn náà sínú rẹ̀, kí wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Wọn yóò rí i bí yíǹkì ṣe gbòòrò sára fóòmù. Ohun tí Bland-Sutton kò rí, ọmọ ilé-ìwé á rí i láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Nígbà tí wọ́n bá tún ka ìròyìn nípa oògùn tàbí ohun èlò tuntun, kí a kọ́ wọn láti béèrè ohun mẹ́rin. Ẹran wo ni wọ́n lò, ṣé ó sì bá iṣẹ́ náà mu? Kí ni ẹran náà sọ, oṣù mélòó sì ni wọ́n fi gbọ́ ọ? Kí ni ẹran náà kò lè sọ? Ta ni wọ́n sọ ọ́ fún, ní èdè wo?

Ìgúnlẹ̀

A ti rí i pé ajá sọ òótọ́ ní 1936, tí ènìyàn kò sì gbọ́ fún nǹkan bí ogójì ọdún. A rí ewúrẹ́ Nijmegen tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí iṣẹ́ sì tibẹ̀ sàn sí i. A rí orúnkún ọmọ ajá tó sọ̀rọ̀ kí Kano tó ṣẹlẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò sí nínú ẹran. Ó wà lọ́dọ̀ ẹni tó ka èsì náà, ẹni tó gbé e dé ọ̀dọ̀ aláìsàn, àti bóyá ọ̀rọ̀ wà nínú èdè aláìsàn náà tí a lè fi gbé e dé.

Ó lè pẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tìmùtìmù orúnkún àtọwọ́dá ní Port Harcourt. Ṣùgbọ́n ohun èlò tuntun àti oògùn tuntun ń wọlé sí ilẹ̀ wa, wọn yóò sì máa wọlé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a ń kọ́ láti di olùkọ́ lónìí ni yóò kọ́ àwọn ọmọ tí yóò di nọ́ọ̀sì, ògbufọ̀, alábòójútó ilé ìwòsàn àti òbí. Ẹ jẹ́ kí á kọ́ wọn kí wọ́n lè béèrè, kí wọ́n sì lè sọ ọ́ ní èdè tí ìyá ọmọ gbọ́.